Aṣọ Ọgọ́ta Ọdún Ti Parí, Ọwọ́ Kò Tíì Fẹ́ Sinmi

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, àmọ́ Ìlọrin ni mò ń gbé. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo lọ kọ́ aṣọ òfì híhun, torí mo ti pinnu pé aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá pé ọgọ́ta ọdún, èmi fúnra mi ni màá hun ún. Ó gbà mí ju ọdún kan lọ. Mo hun ún, mo wọ̀ ọ́, àwọn èèyàn yìn mí, a ya fọ́tò. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ báyìí. Láti ọjọ́ náà, òfì tí mo fi hun ún wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ọwọ́ mi ń fẹ́ iṣẹ́, àmọ́ tí mo bá jókòó tì í, ọkàn mi á ní: ta ni yóò wọ̀ ọ́? Àwọn ọmọ mi ní kí n sinmi, wọ́n ní mo ti ṣe é tán. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò tó ń kọ́ṣẹ́ ní kí n fún òun ní òfì náà. Ṣé ó bójú mu kí àgbàlagbà máa hun aṣọ tí kò ní ayẹyẹ, tí kò sì tà á? Àbí ìfẹ́ iṣẹ́ náà ti kú lára mi ni?"

Màmá, ẹ kú oríire ọgọ́ta ọdún, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Mo ka lẹ́tà yín lákàtúnkà kí n tó dáhùn, torí ọ̀ràn mẹ́ta ló wé mọ́ra wọn nínú rẹ̀, bí a kò bá sì tú wọn, ìdáhùn tí mo bá fún yín lórí ọ̀kan lè ba èkejì jẹ́. Ẹ ń bi mí bóyá òfìfo tó bá yín lẹ́yìn ayẹyẹ túmọ̀ sí pé ìfẹ́ iṣẹ́ ti kú. Ẹ ń bi mí bóyá aṣọ tí kò ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ ní ìdí kankan tó fi yẹ ní híhun. Ẹ̀kẹta, ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ là á mọ́lẹ̀, àmọ́ ó hàn gbangba nínú gbogbo gbólóhùn yín: ṣé ẹ láṣẹ láti jókòó sídìí ohun tó wù yín nígbà tí kò sí ẹni tó rán yín sí i? Èyí ni mo rò pé ó ń dà yín láàmú jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti òfìfo kúrò nílẹ̀. Ìdí òfì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, iṣẹ́ yìí náà ni mo fi ń jẹun di òní, mo sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíì. Ohun tó ṣe yín yẹn, ojú mi ti rí i lára àwọn ọmọ iṣẹ́ tó pọ̀. Ọmọ iṣẹ́ á fi ọdún bíi mélòó kan sáré, á gba fíríìdọ̀ọ̀mù, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á ya fọ́tò òun àti ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ò ní rí i nídìí òfì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àwọn òbí rẹ̀ á ní ó ti ya ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, kò sí alẹ́ kan tó sùn láìmọ ohun tí yóò ṣe lọ́la, torí ẹnì kan ti pín iṣẹ́ ọ̀la fún un. Ti ẹ̀yin náà, ọjọ́ ìbí yẹn ló ń pín iṣẹ́ fún yín. Ẹ mọ̀ pé bí ẹ kò bá parí òwú títà, ìyẹn nína òwú gbọọrọ sórí òfì kí híhun tó bẹ̀rẹ̀, ní oṣù yìí, ìró kò ní pé. Bí ìró kò bá pé, aránṣọ kò ní ráyè rán bùbá. Ọjọ́ náà kọjá, ẹni tó ń pín iṣẹ́ sì bá a lọ. Ohun tí ẹ pàdánù nìyẹn, ìfẹ́ kọ́.

Ẹni tí ìfẹ́ iṣẹ́ ti kú lára rẹ̀ kì í kọ lẹ́tà. Mo ti rí irú wọn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Òwú ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tà lọ́jà, kó tó kan òfì. Tí wọ́n bá lọ sóde, wọ́n á wo ẹni tó wọ aṣọ, wọn ò ní wo aṣọ. Ẹ̀yin ẹ wo ara yín wò nígbà mìíràn tí ẹ bá lọ síbi ìgbéyàwó: bí ojú yín bá ń lọ sí etí ìborùn ẹni tó jókòó níwájú yín, tí ẹ ń wò ó bóyá ìlà kan bá èkejì mu níbi tí wọ́n ti rán an pọ̀, kò sí ohun tó kú. Ẹ̀yin fúnra yín sì ti kọ ọ́ pé ọwọ́ yín ń fẹ́ iṣẹ́. Mo gba ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn gbọ́ ju ọ̀rọ̀ tí ọkàn yín ń sọ lọ.

Ó wá kan ti àṣẹ. Láàárín ọdún tí ẹ fi ń hun aṣọ ọgọ́ta ọdún, bí àlejò bá wọlé tó bá yín nídìí òfì tó bèèrè pé kí lẹ ń ṣe, ìdáhùn wà lẹ́nu yín: aṣọ ọjọ́ ìbí mi ni. Ara àlejò á balẹ̀, á tún kí yín kú iṣẹ́. Ara àwọn ọmọ yín náà balẹ̀, torí aṣọ ẹbí ni, ọjọ́ tí ẹ bá wọ̀ ọ́, gbogbo ilé ló yangàn. Ní báyìí, bí ẹ bá jókòó tí àlejò wọlé, kí lẹ fẹ́ sọ? Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsìnkú, kò sí ìsọmọlórúkọ. Ó ku ìdáhùn kan péré, òun ni pé ó wù mí. Ó ṣòro fún obìnrin ilẹ̀ wa láti sọ gbólóhùn yẹn láìfi ojú wolẹ̀, pàápàá ẹni tó ti ṣe olùkọ́, tó ti ṣe ìyàwó, tó ti tọ́ ọmọ. Gbogbo wákàtí ayé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti ní ohun tó ni ín látọjọ́ pípẹ́: agogo ilé ìwé ló ni òwúrọ̀, oúnjẹ ilé ló ni ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ máàkì ló ni alẹ́. Ẹ fẹ̀yìntì, wọ́n tún gbé ọmọ-ọmọ wá. Ẹ sì wá fẹ́ jókòó fún wákàtí méjì lórí ohun tí kò ní orúkọ ẹlòmíràn lára. Ojú á máa tì yín. Kì í ṣe pé ẹ ṣe ohun tó burú, ó kàn jẹ́ pé ẹ kò ṣe irú rẹ̀ rí ni.

Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin. Ẹni tó fẹ̀yìntì lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú yín lè jókòó sídìí ayò lábẹ́ igi láti àsìkò ìrun ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ẹni tó ń bi í pé ta ni ó ń ta ayò náà fún. Wọ́n á ní Bàbá ń gbafẹ́. Mi ò sọ èyí láti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín, ìfẹ́ ló mú kí wọ́n ní kí ẹ sinmi. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán yín ni wọ́n pe híhun yẹn, wọ́n rò pé ẹ ti jẹ́ iṣẹ́ náà, ó tó kí ẹ jókòó. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ìdí òfì yẹn gan-an lẹ ti ń sinmi. Ẹ pè wọ́n, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi pamọ́. Ẹ má wá ayẹyẹ mìíràn fi bo iṣẹ́ yín lójú, pé ti ọmọ kan ni, pé ti ọdún tó ń bọ̀ ni. Ó wọ́pọ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tí ayẹyẹ yẹn bá kọjá, ibi tí ẹ wà lónìí náà lẹ ó tún wà.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé àwọn baba wa kì í ṣe iṣẹ́ ọnà láìnídìí, pé ìlù ni fún ijó, ìkòkò ni fún omi, aṣọ ni fún ara. Òótọ́ ni, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú àwọn agbẹ́gilére ìhà gúúsù Kwara níbí. Àreògún ti Ọ̀sì, tó kú ní 1954, àti Bámigbóyè ti Odò-Ọ̀wá, tó kú ní 1975, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń ṣe: ilẹ̀kùn, òpó ilé, ère tí wọ́n ń gbé sórí jó lọ́jọ́ ọdún. Owó wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo àwọn ère orí tí Bámigbóyè gbẹ́. Láti ara ìtì igi kan ṣoṣo ni èèyàn ńlá ti jáde láàárín, tí àwọn èèyàn kéékèèké sì yí i ká, ìpele lórí ìpele. Orí eléré ni wọ́n ń gbé e sí, eléré ń jó, ó ń rìn, àwọn èrò sì wà lókèèrè. Ohun tí ọdún béèrè ni pé kí èrò rí ère náà kí orí wọn wú. Ìlà ara aṣọ àwọn èèyàn kéékèèké tó wà lẹ́yìn, tí eruku ijó máa bò, ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ìyẹn? Bámigbóyè nìkan ló bẹ ara rẹ̀. Ní 2022, ilé ìṣẹ́-ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá kan tó dá lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ère náà kò jó níbẹ̀, kò sí ìlù, kò sí ọdún, àwọn èèyàn sì lè rìn yí i ká kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Tàbí kí ẹ lọ sí Ẹ̀sìẹ́, tí kò jìnnà sí ìlú yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ síbẹ̀ rí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ láti 1945 ni àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀. Títí di òní, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn tàbí ohun tí wọ́n gbẹ́ wọn fún. Ayẹyẹ tó bí wọn ti lọ pátápátá, a ò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Àmọ́ irun orí wọn ṣì wà níbẹ̀ bí ẹni gbẹ́ ẹ ṣe fara balẹ̀ dì í, ilà ojú ṣì wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ṣì wà níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé ayẹyẹ ló ń gbé èèyàn dé ìdí iṣẹ́, ohun tí ayẹyẹ kò béèrè ni iṣẹ́ ọnà. Ọgọ́ta ọdún yín ti gbé yín débẹ̀, ó ti ṣe tirẹ̀.

Kí wá ni kí ẹ hun? Ẹ má tíì ra òwú. Ẹ gbé aṣọ ọjọ́ ìbí yẹn jáde nínú àpótí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, ẹ sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Mi ò tíì rí i, àmọ́ mo mọ bí aṣọ ńlá àkọ́kọ́ ṣe máa ń rí. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ibi tí wọ́n ti rán abala kan mọ́ èkejì. Abala tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà la hun ní gígùn, ká tó gé e sí wẹ́wẹ́ tí aránṣọ fi ètí mọ́ ètí. Bí ẹ bá fi ọnà sí i, ó yẹ kí ọnà abala kìíní bá ti èkejì dọ́gba bí ẹ ṣe ń wò ó lọ. Ẹ ó rí i pé níbì kan ó bára mu dáadáa, níbòmíràn ó yẹ̀ díẹ̀, nígbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀, ó ti yẹ̀ tó ìbú ìka. Àwọn èèyàn á ní aránṣọ ló bà á jẹ́. Aránṣọ kọ́. Ọwọ́ ló fà á. Ní àárọ̀ tí ara dá, a máa ń lu òwú mọ́ra ṣinṣin. Nígbà tó bá di ọ̀sán tó ti ń rẹ̀ wá, ìlù ọwọ́ á rọ̀, òwú kò ní sún mọ́ra tó ti àárọ̀. Iye òwú kan náà lẹ jù lọ jù bọ̀, àmọ́ gígùn ọnà ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán yàtọ̀. Lórí òfì, ojú kì í rí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé e tí wọ́n tò ó, ó di ohun tí gbogbo ayé ń rí.

Ẹ wo ètí náà. Bí ètí abala bá ń wọlé ń jáde, tó fẹ̀ níhìn-ín tó fún lọ́hùn-ún, òwú tó ń gba inú òwú títà kọjá lẹ fà le jù nígbà mìíràn. Ìkánjú ló máa ń fà á, tàbí ìbínú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí mo máa ń rí i lára aṣọ ọmọ iṣẹ́ tó bá ẹnikẹ́ni jà láàárọ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí òwú já tí ẹ so ó, tí kókó rẹ̀ ga, tó sì wá sójú aṣọ, ẹ wò ó bóyá àsìkò ọyẹ́ lẹ hun ibẹ̀. Òwú gidi máa ń gbẹ nígbà ọyẹ́, á di gbígan, á máa já lójú kan náà léraléra. Àwọn àgbà máa ń dúró de àárọ̀ tí ìrì ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó hun òwú tín-ín-rín, wọ́n á sì ti ta á ní sítáàṣì ṣáájú. Sílíkì onílé iṣẹ́ tí a ń rà lọ́jà báyìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀, omi ni kò fẹ́, bó bá ti tutù ló ń rọ.

Mi ò ní kí ẹ wo aṣọ yín báyìí kí inú yín lè bàjẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ rí ohun kan ni. Lọ́jọ́ tí ẹ hun ibi tó yẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i. Ẹ ò tú u nítorí pé oṣù méjì ló kù, òwú ti lọ, aránṣọ ń pè. Ẹni tó ń lé ọjọ́ kò lè tú iṣẹ́. Ohun tí ẹ ní lónìí tí ẹ kò ní nígbà náà nìyẹn: ẹ lè tú u. Ẹ lè hun ìbú ọwọ́ méjì, kó má tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ tú u, kí ẹ tún un hun, kí ẹ sì lọ jẹun láìjẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè aṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ẹ mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ń fi ìdánwò lé nìkan kì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ ọn. Mo ti rí àwọn ahunṣọ tó fi gbogbo ayé wọn hun aṣọ ẹgbẹ́jọdá, ọjọ́ lórí ọjọ́, tí iṣẹ́ wọn dára, àmọ́ tí kò tíì kúrò ní ibi tó wà ní ọdún karùn-ún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó fún wọn láyè láti tú nǹkan.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má hun aṣọ rárá fún ìgbà díẹ̀. Ẹ hun àpẹẹrẹ. Ẹ na òwú tó ṣẹ́ kù lára ti ọjọ́ ìbí sórí òfì, kó gùn níwọ̀nba, kí ẹ máa dán nǹkan kan wò nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wá ètí tó tọ́, láìfi ọnà kankan sí i. Ẹ fi òmíràn wá ìlù ọwọ́ tó dọ́gba láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí ẹ wo bó ṣe ń yàtọ̀. Ẹ gé wọn, ẹ lẹ ìwé pélébé mọ́ wọn lára, kí ẹ kọ irú òwú àti oṣù tí ẹ hun ún. Kò sí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀. Láàárín oṣù bíi mélòó kan, àwọn abala yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín ní ìbéèrè, ìyẹn ni pé ẹ ó rí ohun kan nínú ọ̀kan tí ẹ ó fẹ́ mọ bí yóò ṣe rí bí ẹ bá yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń pín iṣẹ́ ọ̀la ti máa ń padà wá, láti inú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Bí ẹ bá ní kí n dárúkọ ohun ńlá kan tí ẹ lè fojú sùn, ẹtù ni n ó dárúkọ, mo sì mọ ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀. Sányán ni gbogbo èèyàn ń pè ní baba aṣọ, àmọ́ òwú kòkòrò tí wọ́n fi ń hun ojúlówó rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní sányán lónìí, òwú lásán tí wọ́n pa láró bíi sányán ni. Ẹtù ṣì ṣeé ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ẹni tó bá ní sùúrù. Òwú dúdú bí ìyẹ́ ẹyẹ tó ni orúkọ náà, pẹ̀lú ìlà tín-ín-rín tó mọ́ díẹ̀. Dúdú yẹn kì í ṣe dúdú ilé iṣẹ́. Ewé ẹ̀lú la fi ń ṣe é, wọ́n á gún un, wọ́n á sá a, wọ́n á fi omi eérú sí i nínú ìkòkò aró títí yóò fi kan. Bí ẹ bá ti òwú funfun bọ inú rẹ̀ tí ẹ yọ ọ́, kì í jáde ní aláró. Àwọ̀ ewé tó ń pọ́n lọ ló máa ń gbé jáde, á wá máa yí lójú yín bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí i, títí yóò fi di búlúù. Ìrìbọmi ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ ó rì í, ẹ ó sá a, ẹ ó tún rì í, lọ́pọ̀ ìgbà, kó tó dúdú dé ibi tí ẹ ń fẹ́. Èyí tí ẹ rì níwọ̀nba ni ẹ ó fi ṣe ìlà tó mọ́ yẹn. Kò sí ọjọ́ ìbí kan tó lè dúró de irú iṣẹ́ báyìí, ìdí nìyẹn tó fi yẹ yín báyìí.

Ọ̀nà mìíràn wà tó sún mọ́ yín jù bẹ́ẹ̀. Òfì tí ẹ kọ́ yìí, òfì ọkùnrin ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́. Ti obìnrin ni èyí tó dúró gbọọrọ lẹ́bàá ògiri, tí wọ́n fi ń hun kíjìpá aṣọ fífẹ̀. Àwọn ìyá ìyá wa mọ̀ ọ́n. Bí ìyá àgbà kan bá ṣì wà nínú ẹbí yín ní Ọ̀mù-Àrán tó mọ bí wọ́n ṣe ń ran òwú àti bí wọ́n ṣe ń to òfì yẹn, ẹ lọ jókòó tì í kí ọjọ́ tó lọ. Wọ́n ń pe kíjìpá ní aṣọ ọ̀lẹ nínú òwe, èmi kò rí ọ̀lẹ kankan nídìí aṣọ tí wọ́n ti orí èso òwú bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bèèrè nípa títà. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ tà á, èmi ń tà. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà lọ́wọ́ owó náà. Ẹni tó bá sanwó ló ń yan àwọ̀, òun ló ń dá ọjọ́, àwọ̀ tí ọjà ń fẹ́ lọ́dún yìí ni yóò sì ní kí ẹ hun, pẹ̀lú òwú tó ń dán. Ẹ tún ti ní ọ̀gá nìyẹn, àyè láti tú iṣẹ́ sì ti lọ. Bí owó ìfẹ̀yìntì bá ń pẹ́ tàbí tí kò bá tó, ẹ tà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó dín iṣẹ́ yín kù. Bí owó kì í bá ṣe ìṣòro yín, ẹ jẹ́ kí ọjà jìnnà sí i ná. Àwọn kan máa ń ní ká pín in, kí ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ jẹ́ ti oníbàárà, kí ìyókù jẹ́ tiwa. Ó ṣiṣẹ́ fún àwọn kan tí mo mọ̀. Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀, oníbàárà ló jẹ gbogbo ọ̀sẹ̀ tán. Ní ti kíkọ́ ẹlòmíì, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún yín, olùkọ́ ni yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ fúnni tètè máa ń sá padà sínú fífúnni nígbà tí ojú bá ń tì í láti gba nǹkan fún ara rẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò lè bá yín sọ láti ibi tí mo wà. N kò mọ bí ẹ̀yìn yín àti ojú yín ṣe rí. Òfì máa ń dá ẹ̀yìn lóró, òwú dúdú tín-ín-rín sì máa ń fìyà jẹ ojú àgbà, pàápàá lálẹ́ tí iná kò bá sí. Bí ìrora bá wà, dókítà lẹ ó bi, kì í ṣe ahunṣọ. Ẹ má jókòó ju wákàtí kan lọ láìdìde, kí ẹ sì fi ẹtù sí òwúrọ̀. Bákan náà, ó lè jẹ́ pé ẹ ó ṣe gbogbo èyí fún oṣù díẹ̀, kí ẹ rí i pé ohun tí ẹ fẹ́ràn gan-an ni ọdún tí gbogbo ẹbí fi ń retí yín, kì í ṣe híhun. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ ti hun aṣọ kan tó pé, ọ̀pọ̀ èèyàn kò hun ìdajì abala láyé wọn. Ẹ kàn má gba ìpinnu yẹn lọ́wọ́ òfìfo oṣù mẹ́jọ.

Nípa ọmọkùnrin tó ń bèèrè òfì, ẹ má tíì fún un. Bí ẹ bá fún un lónìí, ojú tó ń tì yín ni yóò fún un, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ ní kó máa wá lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dìde, kó mú òwú tirẹ̀ wá, kó sì máa bá yín gbé àwọn ohun tó wúwo. Ó dára kí ẹni méjì máa lo òfì, bí òwú títà ẹnì kan kò bá ní dí ti èkejì lọ́wọ́. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń wá. Bí ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí bá wọlé tó sì tún jáde tí ẹ kò tíì hun nǹkan kan lórí rẹ̀, ẹ pè é, ẹ ní kó wá gbé e.